Ṣé Kí Èèyàn Dá Kọ́ Tírélà Ni, Àbí Kó Bá Ẹlòmíì Pín Ọkọ̀?

Ilé wa ní Ọlá, lágbègbè Èjìgbò, ni mo ti ń gba ohùn ti òní sílẹ̀. Tí ẹ bá ń gbọ́ àkùkọ tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, ẹ má bínú. Mo ti ti fèrèsé, ibi tí agbára mi mọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo fẹ́ sọ. Mo ti gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí n má ṣáà dárúkọ òun. Ọmọ ọdún 22 ni. Ó jáde ní poli, ó wáṣẹ́ títí, kò rí. Lọ́jọ́ kan ó pè mí, ó ní, "Àǹtí mi, tírélà ni mo fẹ́ máa wà." Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbọ́ pé òun ò rẹ́rìn-ín, mo dákẹ́.

Ó ti rí ẹni tó máa kọ́ ọ. Ọ̀nà méjì ni ọkùnrin náà là sílẹ̀ fún un. Ó lè dá kọ́, kó jẹ́ òun nìkan pẹ̀lú olùkọ́, gbogbo wákàtí á jẹ́ tirẹ̀. Tàbí kí àwọn mẹ́ta pín ọkọ̀ kan: ẹnìkan á wà nídìí sítíárìn, àwọn méjì tó kù á jókòó, wọ́n á máa wò. Owó ti ẹlẹ́ni mẹ́ta kéré gan-an sí ti àdákọ́. Èmi ni mo fẹ́ san ìdajì owó yẹn, ta lẹ rò pé ó ní kó lọ fún ti ẹlẹ́ni mẹ́ta? Èmi náà ni. Mo tiẹ̀ pa òwe mọ́ ọn. Mi ò ní tún òwe yẹn pa níbí, ojú ń tì mí.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nígbà tó parí, mo ní kó bá mi ṣírò iye àkókò tó fi di sítíárìn mú gan-an. Kì í ṣe iye tó fi wà nínú ọkọ̀ o. A jọ ṣírò ó lórí fóònù, a rò ó, a tún un rò. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀! Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń kọ́ ọ kò mọ kílọ́ọ̀ṣì tẹ̀, ọkọ̀ ń kú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, olùkọ́ sì dúró tì í ní tirẹ̀. Ẹnì kejì ń sùn ní ìjókòó ẹ̀yìn. Àbúrò mi náà jẹ́wọ́ pé TikTok lòun ń wò tó bá ti di ti ẹlòmíì.

Ohun tó bà mí lẹ́rù kò tíì dé o. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì tán tí ẹnìkan fi ní kó wá máa bá òun fi típà kó yanrìn. Ohun kan ṣoṣo tí ẹni náà bi í ni pé, "Ṣé o lè wa ọkọ̀ ńlá?" Kò béèrè láíséǹsì, kò béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ẹni tó fi wákàtí kan di sítíárìn mú!

Ẹ rántí afárá Ọ̀tẹ́dọlá l'Ékòó, ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2018. Ọkọ̀ epo kan ṣubú, ó gbiná, ọkọ̀ tó lé ní 50 jóná, ẹ̀mí sì lọ sí i. Mi ò sọ pé dírẹ́bà yẹn ò mọ ọkọ̀ wà. Ohun tí mò ń sọ ni pé, tí ọkọ̀ ńlá bá ti yọwọ́, àwọn tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ ló máa ń bá a lọ. Mo ní kó má gba iṣẹ́ típà yẹn. Ó bínú. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, "ẹ kú iṣẹ́" nìkan ló ń kọ sí mi lórí WhatsApp.

Ìgbà yẹn ni mo wálé, mo sì lọ bá àbúrò bàbá wa. Gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí Bàbá Dírẹ́bà. Benz 911 ni wọ́n wà nígbà ayé wọn, wọ́n fi ń kó igi gẹdú. Ìgbà tí Èjìgbò ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n kọ́ṣẹ́, kí wọ́n tó dá Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èwo ló dáa jù, kéèyàn dá kọ́ ọ ni àbí kó bá ẹlòmíì pín in?"

Wọ́n ní, "Ta ló dá ọkọ̀ kọ́ láyé tiwa?"

Ọmọ ọkọ̀ méjì ló wà lábẹ́ ọ̀gá wọn. Àwọn ni wọ́n ń fọ ọkọ̀, àwọn ni wọ́n ń fi wẹ́jì sí ẹ̀yìn táyà lórí òkè. Ọdún mẹ́rin ni Bàbá fi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá kí wọ́n tó fún wọn ní sítíárìn. Wọ́n ní etí làwọn fi kọ́ jíà: tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ké báyìí, wọ́n ti mọ̀ nínú ara wọn pé ó yẹ kí ọ̀gá pa jíà dà, tí ọ̀gá bá sì pẹ́, inú wọn á máa ta. Ẹnì kejì wọn fẹ́ràn oorun. Ọdún kan náà ni wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ọkọ̀. Bàbá ní ẹni yẹn ń yí jíà bí ẹni ń ro àmàlà.

Mo rò pé wọ́n máa parí rẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n máa yin ayé àtijọ́. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀gá gbé ọkọ̀ fún àwọn, aago méjì òru ni, lọ́nà Ìlọrin, torí pé oorun ń kun ọ̀gá. Ẹrù kún ọkọ̀, kò sí láíséǹsì. "Ọlọ́run ló wa ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìwọ ọmọ yìí. Mi ò fẹ́ irú ẹ̀ fún un."

Ọ̀rọ̀ etí yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo wá inú íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí ìwádìí kan tí Charles Shea, Gabriele Wulf àti ẹnìkan sí i gbé jáde ní 1999. Wọ́n ní káwọn èèyàn kọ́ bí a ṣe ń dúró lórí pákó tó ń yí sọ́tùn-ún sósì. Àwọn tí wọ́n kọ́ ọ ní méjì-méjì, tí ọ̀kan ń ṣe, tí èkejì ń wò, tí wọ́n sì ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, mọ̀ ọ́n ju àwọn tó dá kọ́ ọ lọ nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn náà. Pákó kì í ṣe tírélà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wíwò wọn kì í ṣe wíwò tàwọn tó ń sùn. Ẹni tó ń wò mọ̀ pé ó máa tó kan òun.

Mo tún pe ẹ̀gbọ́n wa kan tó wà ní Manchester. Níbẹ̀, láíséǹsì Nàìjíríà ò ju ọdún kan lọ fún mọ́tò kékeré, wọn kì í sì í pààrọ̀ rẹ̀ fún tiwọn. Ó ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti oṣù Kọkànlá 2021, èèyàn lè lọ tààrà sórí ọkọ̀ àjàgbé láìkọ́kọ́ ṣe ìdánwò lọ́rì. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ náà ń ta àdákọ́ àti ti ẹlẹ́ni méjì. Ti ẹlẹ́ni méjì lòun rà. Ó ní ojú títì lòun ti jàǹfààní rẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ríbáàsì kò wọlé sí òun lára nípa wíwò. Ìdánwò ríbáàsì sì dá dúró lọ́tọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ó padà san owó wákàtí díẹ̀ sí i, òun nìkan, kó tó ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tí mi ò ṣe nígbà àkọ́kọ́. Ká ní àdákọ́ jẹ́ ₦200,000 fún wákàtí 10. ₦20,000 ni wákàtí kan. Ká wá ní ti ẹlẹ́ni mẹ́ta jẹ́ ₦90,000 fún wákàtí 10 kan náà. Ó jọ ẹ̀dínwó, àbí? Ẹ pín wákàtí 10 sí mẹ́ta: wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wákàtí kan nídìí sítíárìn ti di ₦27,000 nìyẹn. Tí ẹnì kejì rẹ kò bá wá mọ kílọ́ọ̀ṣì tẹ̀, á tún wọ́n sí i. Iye wákàtí tí ọwọ́ rẹ máa fi wà lórí sítíárìn ni kó o bi olùkọ́. Bó bá ń rẹ́rìn-ín tí kò fèsì, kúrò níbẹ̀.

Ohun tí èmi àti àbúrò mi wá ṣe nìyí, lọ́dọ̀ olùkọ́ mìíràn. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, òun nìkan, nínú pápá gbalasa: kílọ́ọ̀ṣì, jíà, ríbáàsì, ríbáàsì, ríbáàsì. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú títì pẹ̀lú ẹnìkan péré, ẹni tó fúnra rẹ̀ wá. Obìnrin kan láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni, kòròpé ló ń wà tẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ mú bíi ti àṣá. Wọ́n jọ ṣe àdéhùn: fóònù méjèèjì wọ inú báàgì olùkọ́, ìdajì wákàtí ni ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì jókòó gbọ́dọ̀ máa fi ẹnu sọ ohun tó ń rí nínú gíláàsì ọ̀tún. Olùkọ́ ráhùn díẹ̀. Ó ní ṣé wọ́n fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ òun ni.

Kí ló dé tó fi jẹ́ gíláàsì ọ̀tún? Apá òsì ni dírẹ́bà ń jókòó sí nílẹ̀ wa. Tí tírélà bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, orí rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ síwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ á wá gé ìkóríta kúrú. Àárín yẹn gan-an lọlọ́kadà máa ń yọ́ wọ̀, apá ibẹ̀ ni dírẹ́bà kì í sì í ríran dáadáa. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù.

Lánàá ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, mo máa fi í síbí kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Ó ní, "Àǹtí mi, ní ìkóríta, mo ti ń yà, mo rò pé ọ̀nà mọ́. Ni ọmọbìnrin yẹn bá pariwo 'Ọ̀kadà!' Mo tẹ bíréèkì. Ọkùnrin náà gbé ọmọ sẹ́yìn. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n."

Wákàtí mẹ́rin ló kù fún un. Lẹ́yìn náà ló máa lọ gba láíséǹsì lọ́dọ̀ FRSC, kíláàsì G, ti ọkọ̀ àjàgbé. Oní-típà tún ti pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ó dúró ná.

Ẹ fi ohùn tiyín náà ránṣẹ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà rí. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.