Ọgbẹ́ Tí Ológun Gbé Bọ̀ Wálé

  

Àwọn ọmọ Ifá láti Amẹ́ríkà wà láàrin wa, àwọn kan nínú wọn sì ti ṣe iṣẹ́ ológun rí. Ní ilẹ̀ wọn, ní ọdún 2022 nìkan, ológun-fẹ̀yìntì 6,407 ló fọwọ́ ara wọn gba ẹ̀mí ara wọn, gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú wọn ṣe kéde. Ó ju ènìyàn 17 lọ lójúmọ́. Kì í ṣe ojú ogun ni wọ́n kú sí, ilé ni.

Àwọn onímọ̀ rí i pé ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ jọ́sìn déédéé, ewu rẹ̀ sábà máa ń dínkù. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà pé Ọlọ́run ti kọ òun sílẹ̀, tàbí pé ohun tí òun ṣe lógun kò ní ìdáríjì, ewu tirẹ̀ a máa pọ̀ sí i. Ọgbẹ́ ẹ̀rí-ọkàn nìyẹn. Ìgbàgbọ́ lè wò ó. Ó sì lè tún un dá.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Àwa la ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín. Kakaǹfò ayé àtijọ́ tí kò bá ṣẹ́gun, a kì í retí rẹ̀ nílé láàyè. Kí a má ṣe gbé òwe yẹn lé ọgbẹ́ ẹnikẹ́ni.

Èmi náà ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ rí. Ológun-fẹ̀yìntì kan jókòó síwájú ọpọ́n mi, ó bèèrè bóyá orí òun ló yan ẹ̀jẹ̀ tí òun ta sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé àkúnlẹ̀yàn. Ojú rẹ̀ ṣú. Olúwo mi dá mi lẹ́kun: “Ẹjọ́ lo ń dá fún un. Ibi tí yóò sọ ẹrù kalẹ̀ sí ló ń wá.” Bàbá wá bi í bóyá ó ti jẹun, àti ẹni tí wọ́n jọ ń gbé.

Ẹ̀yin awo ẹgbẹ́ mi, bí irú rẹ̀ bá wá, ẹ bi í gbangba bóyá ó ń ro ikú. Ìbéèrè kò fi èrò síni lọ́kàn. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Bí ìbọn bá wà nílé rẹ̀, ẹ bá àwọn ará ilé sọ ọ́, kí wọ́n gbé e jìnnà sí i. Ẹ sìn ín dé ilé ìwòsàn. Ẹbọ kò dínà fún oògùn. Ní Amẹ́ríkà, kí ó pe 988, kí ó sì tẹ 1.

Alààyè ló ń bọ orí. Ẹ jẹ́ kí a dá a sí, kí ó lè bọ tirẹ̀.

Àṣẹ.