Ẹ Bá Wa Ka Ìṣẹ́jú: Ọ̀rọ̀ Olùdarí Ẹ̀ka Ọ̀dọ́



Fọ́ọ̀mù tí a fi sórí WhatsApp kì í ṣe ti owó, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ àìsàn òjijì àti ìjàm̀bá ọkọ̀ ni: aago mélòó lẹ pe 112, aago mélòó ni àǹbúláǹsì dé, aago mélòó ni dókítà tàbí nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan aláìsàn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "ó pẹ́ gan-an" fún wa. Ẹ wo inú fóònù yín, àkókò tí ẹ pè lè ṣì wà níbẹ̀.

Èmi fúnra mi ṣàṣìṣe nínú fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́: àwọn tí àǹbúláǹsì gbé nìkan ni mo bi. Ẹni tó fi ọ̀kadà gbé ìyá ẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó kú lójú ọ̀nà ńkọ́? Ìwé ọsibítù ò lè sọ nípa ẹni tí kò débẹ̀, iṣẹ́ náà á kàn dà bíi pé ó dáa. Ẹ̀yin gan-an la ń wá. Mo mọ̀ pé ó nira láti sọ. A lè wá bá yín nílé, a ò sì ní kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀.

Òfin ìlera ọdún 2014 ní ilé ìwòsàn kankan ò gbọ́dọ̀ lé ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì padà. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ mú owó wá, ẹ kọ ìyẹn náà, àti iye ìṣẹ́jú tí ẹ fi dúró.

Ọjọ́ Sátidé la máa kó fọ́ọ̀mù jọ. Ìyá tí kò bá ní fóònù ńlá, kó rán ọmọ sí wa.