Ìṣirò Ìpíndọ́gba àti Ibi Tó Ti Ń Tàsé

Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lónìí ni pé ìṣirò tí kò péye lè jẹ́ ìmọ̀ tòótọ́, bí a bá ti mọ ibi tó ti ń tàsé. Átọ̀mù kan tó dà bíi mágínẹ́ẹ̀tì kékeré, tó lè kọjú sókè tàbí sísàlẹ̀, kò ṣòro láti ṣírò. Àmọ́ òfin kúáńtọ́ọ̀mù gbà á láyè láti wà ní ipò méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, átọ̀mù 10 ń béèrè nọ́ńbà 1,024 kí a tó ṣàpèjúwe wọn tán; 300 ń béèrè nọ́ńbà tó ju iye átọ̀mù inú gbogbo àgbáyé tí a lè rí lọ. Ní 1907, Pierre Weiss ará Faransé rí ọgbọ́n kan dá sí ọ̀rọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń ta tòmátì ní ọjà Bódìjà kì í yí gbogbo ìsọ̀ ká kó tó dá iye lé ọjà rẹ̀. Iye tí wọ́n ń tà á lọ́jọ́ náà ló ń wò, òun náà sì wà lára àwọn tó ń gbé iye náà ró. Bẹ́ẹ̀ ni átọ̀mù Weiss: ìpíndọ́gba agbára àwọn yòókù ló ń gbọ́ràn sí, òun náà sì wà nínú ìpíndọ́gba ọ̀hún. Ní 1928, Douglas Hartree lo irú èrò yìí fún àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú átọ̀mù.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ká to átọ̀mù sórí ìlà kan, kí aládùúgbò máa fa aládùúgbò kọjú síbi kan náà, ká wá fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì láti ẹ̀gbẹ́ da ètò wọn rú, níbi tí ooru ti tán pátápátá. Báwo ni agbára náà ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kí ètò náà tó fọ́? Bí a bá fi ìfà tó wà láàárín aládùúgbò méjì ṣe òṣùwọ̀n, ìpíndọ́gba ní 2. Ní 1970, Pierre Pfeuty ṣe ìṣirò náà láìfo ohunkóhun: 1 ni. Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí a bá tò wọ́n ní òró àti ní ìbú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní aládùúgbò 4, ìpíndọ́gba ní 4, òótọ́ sì jẹ́ nǹkan bí 3.04. Tí a bá tún tò wọ́n lérí ara wọn, tí aládùúgbò di 6, ìpíndọ́gba ní 6, òótọ́ sì jẹ́ nǹkan bí 5.16. Bí aládùúgbò ṣe ń pọ̀ ni àṣìṣe ń dín kù. Ẹni tó ní aládùúgbò méjì péré, bí ọ̀kan bá yí padà, ìdajì ohun tó gbójú lé ti yí. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀pọ̀, ìyípadà ẹnì kan kì í mì wọ́n.

Àwọn kan á ní kọ̀ǹpútà ti dé, kí la tún ń fi ìpíndọ́gba ṣe? Òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà ló fún wa ní 3.04 àti 5.16. Síbẹ̀, tó bá kan ọ̀pọ̀ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń dí ara wọn lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà tó lágbára jù lọ ṣì ń há. Ìpíndọ́gba ló ń kọ́kọ́ tọ́ka ibi tó yẹ ká wò, bébà àti gègé ló sì ń béèrè, ì báà jẹ́ pé iná ti lọ. Àtakò kejì le jù: Ernst Ising fi hàn ní 1925 pé ìlà átọ̀mù kan ṣoṣo kì í ní ètò rárá níwọ̀n ìgbà tí ooru bá wà, bó ti wù kó kéré tó, bẹ́ẹ̀ ìpíndọ́gba ní yóò ní. Níbẹ̀, ìdáhùn fúnra rẹ̀ ló yí padà. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń rọ ẹ̀yin olùkọ́ yunifásítì pé kí ẹ má ṣe fi ìlànà Weiss lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láìfi ìdáhùn Ising tì í.