Màmá Ń Gbé Lọ́dọ̀ Wa: Ta Ló Máa Kọ Wọ́n Sórí Fọ́ọ̀mù Owó Orí?

Ọ̀rọ̀ owó orí Amẹ́ríkà la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má tíì pa á o!

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ní Houston, ní Chicago, ní Maryland, ló ní ìyá tàbí bàbá nílé. Wọ́n wá bá yín tọ́jú ọmọ, wọ́n gba green card, wọ́n sì dúró. Ẹ̀yin lẹ̀ ń ra oúnjẹ, ẹ̀yin lẹ̀ ń ra oògùn. Òfin owó orí ibẹ̀ ní ẹ̀dínwó fún ẹni tó bá ń gbọ́ bùkátà àgbàlagbà. Àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló lè kọ Màmá sílẹ̀ lọ́dún kan, ibẹ̀ sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wò ó. Màmá ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Àbúrò tó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù. Lóṣù kejì, àbúrò yára fi fọ́ọ̀mù tiẹ̀ ránṣẹ́ látorí fóònù, ó kọ Màmá sí i. Ẹ̀gbọ́n fi tirẹ̀ ránṣẹ́ lóṣù kẹta, ni kọ̀ǹpútà IRS bá dá a padà: ẹlòmíì ti lo nọ́ńbà Social Security yìí. Bí WhatsApp ẹbí ṣe gbaná nìyẹn, Màmá fúnra wọn ò sì mọ nǹkan kan.

Èló tiẹ̀ ni wọ́n ń jà sí? Fún owó orí ọdún 2025, 500 dọ́là ni Credit for Other Dependents. Inú owó orí tẹ́ ẹ jẹ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Tẹ́ ò bá jẹ nǹkan kan, wọn ò ní kà á lé yín lọ́wọ́. Èyí tó tóbi ni ti ẹni tí kò lọ́kọ tàbí láya, torí ó lè di Head of Household. Owó tí ìjọba ò ní gba owó orí lé lórí á kúrò ní 15,750 dọ́là, á di 23,625. Tó bá jẹ́ òbí yín gan-an, kò pọn dandan kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ yín, tó bá ṣáà jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń san ju ìdajì owó tó ń gbé ilé wọn ró.

Ó ku kí Màmá yege. Àkọ́kọ́, kí ni wọ́n jẹ́ sí yín? Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, gbogbo ẹni tó bá jù wá lọ ni àǹtí. IRS ò mọ ìyẹn. Òbí, òbí àgbà, òbí ọkọ tàbí ti ìyàwó, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí òbí yín bá tan gan-an, wọ́n wọlé. Àmọ́ "àǹtí" tó jẹ́ ọmọ àbúrò ìyá àgbà yín, tàbí ìyá ìjọ tó tọ́ yín dàgbà, àfi kó gbé nílé yín látìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí dópin.

Èkejì, níbo ni wọ́n wà? Màmá tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí kò ní green card, tó jókòó sí Ìbàdàn, kò sí lórí fọ́ọ̀mù yìí, bó ti wù kí owó tẹ́ ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ pọ̀ tó. Àmọ́ olùgbé Kánádà tàbí Mẹ́síkò wọlé. Ìyá Toronto wọlé, ìyá Mókọ́lá ò wọlé! Mi ò rí ọgbọ́n inú ẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ló ń dun ènìyàn jù. Owó tó wọlé fún Màmá lọ́dún 2025 gbọ́dọ̀ dín sí 5,200 dọ́là. Social Security kì í sábàá wọ ìṣirò yìí. Ilé Màmá ní Ìbàdàn ńkọ́? Ẹni tó ní green card, owó tó ń wọlé fún un níbikíbi láyé ni Amẹ́ríkà ń kà. Owó tí àwọn ayálégbé ń san wà nínú ẹ̀, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ owó tẹ́ ẹ fi tún òrùlé ṣe. Owó tí wọ́n ń gbà láti bá ará ìjọ tọ́jú ọmọ náà wọlé. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé náírà ni, kò lè tó nǹkan. Ẹ ṣírò ẹ̀ ná.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ju ìdajì bùkátà wọn. Iye tí yàrá wọn ì bá jẹ́ ká ní ayálégbé ló wà níbẹ̀, oúnjẹ, oògùn, aṣọ, gbogbo ẹ̀ lẹ máa kà. Social Security tí Màmá ná lórí ara wọn, tiwọn ni. Èyí tí wọ́n fi pamọ́ sí báńkì ò sí nínú ìṣirò.

Tí kò bá wá sẹ́ni tó dá ju ìdajì? Ẹ jẹ́ ká ní bùkátà Màmá jẹ́ 20,000 dọ́là. Ẹ̀gbọ́n gbé 9,000, àbúrò kan 5,000, èkejì 4,500, Màmá ná 1,500. Form 2120 wà fún irú èyí. Ẹni tó bá san ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lè kọ Màmá sílẹ̀, tí àwọn yòókù tó san jù bẹ́ẹ̀ náà bá fọwọ́ síwèé pé àwọn ò ní kọ ọ́ lọ́dún yẹn. Wọ́n lè máa gbé e yípo lọ́dọọdún. Àmọ́ ẹni tó bá gba ọ̀nà yìí ò lè tìtorí ẹ̀ di Head of Household. Lójú tèmi, ẹni tí Màmá ń pè lóru ni kó kọ́kọ́ mú un, kódà bó jẹ́ pé àbúrò ló lówó jù.

Tó bá jẹ́ owó ilé nìkan ló já Màmá, owó ọsibítù wọn tẹ́ ẹ san ṣì lè wọ owó ìtọ́jú ara tẹ́ ẹ máa yọ, fún ẹni tó bá ń to ìnáwó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Publication 501 wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì IRS, ibi tẹ́ ẹ ti máa ṣírò ìdajì yẹn wà nínú ẹ̀. April 15, 2026 ni gbèdéke. Ẹ pe àwọn ọmọ ìyá yín kí ẹnikẹ́ni tó tẹ "submit".