Ẹ̀dínwó Lórí Ṣájà Mọ́tò: Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú bébà àti lẹ́ẹ̀dì sọ́wọ́, nítorí ìṣirò díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní alẹ́ òní.

Ọ̀rọ̀ náà dá lórí owó tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ kí wọ́n lè fi ṣájà mọ́tò sí ilé wọn. Ẹlòmíràn lè wí pé, "Kí ló kàn mí nínú ìyẹn?" Ó kàn yín o. Mélòó nínú wa ni kò ní ọmọ, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ní London tàbí ní Manchester? Àwọn kan nínú wọn ti ń ra mọ́tò tí kì í mu bẹntiróòlù rárá. Iná mànàmáná ni oúnjẹ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ra mọ́tò náà tán, wọn yóò wá ohun tí wọn yóò máa fi bọ́ ọ nílé, ibẹ̀ ni wọn yóò sì ti gbọ́ pé ìjọba ń san nínú owó rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé ìdí lè ti ibẹ̀ bọ́ sínú gbèsè.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ṣájà yìí ń ṣe. Bátìrì ńlá kan wà lábẹ́ mọ́tò náà. Ènìyàn lè ki wáyà rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a fi ń lo áyọ́ọ̀nù, yóò sì gba iná, ṣùgbọ́n ó lọ́ra púpọ̀. Gbogbo wa la mọ yúníìtì tí mítà iná máa ń kà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa fún mọ́tò ní nǹkan bí yúníìtì 2.3 ní wákàtí kan. Ṣájà tí a kàn mọ́ ara ògiri a máa fún un ní nǹkan bí 7.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ó yá. Bí bátìrì bá ń fẹ́ yúníìtì 46, ẹ fi 2.3 pín 46. Ogún wákàtí ni. Ẹni tó bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ní agogo mẹ́wàá alẹ́, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni yóò tó kún. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bọ́. Ẹ wá fi 7 pín 46. Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kún. Yàtọ̀ sí èyí, kò dára kí wáyà ilé àtijọ́ máa ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fún ogún wákàtí gbáko, nítorí ó lè gbóná kọjá bó ti yẹ, a sì mọ ohun tí wáyà gbígbóná lè dá sílẹ̀ nínú ilé.

Kí wá ni ìjọba rí tí ó fi ń náwó sí ògiri onílé? Èkíní, ó fẹ́ kí èéfín mọ́tò dín kù. Èkejì, ó ń ro ti iná ìlú. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ènìyàn ń ti ibi iṣẹ́ dé. Wọ́n ń dáná, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n. Bí gbogbo mọ́tò bá tún ń gba iná ní àkókò kan náà, ẹrù yóò pọ̀ jù. Nítorí náà, láti oṣù Keje ọdún 2019, ṣájà tó gbọ́n nìkan ni ìjọba ń sanwó lé lórí, èyí tó lè dúró di òru kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 2022, ó di òfin pé ṣájà tuntun tí a bá tà fún ilé ní láti ti gba ìtọ́ni ṣáájú pé kí ó má ṣiṣẹ́ láti agogo mẹ́jọ sí mọ́kànlá àárọ̀, àti láti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́wàá alẹ́, ní ọjọ́ iṣẹ́. Ẹni tó ni ín lè yí i padà bó bá fẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀. Ní ọdún 2014 ni ètò ẹ̀dínwó yìí bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ní òun yóò san ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iye tí ṣájà àti iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́, ṣùgbọ́n ó fi òté lé e, pé òun kò ní san kọjá iye kan. Òté náà ń wálẹ̀ ni bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ní 2016, ó jẹ́ £500. Ní 2020, ó di £350.

Ẹ jẹ́ ká wí pé Lágbájá ní ilé tirẹ̀ ní ọdún 2021. Oníṣẹ́ iná sọ fún un pé gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ £1,000. Lágbájá ti gbọ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó sì ṣírò rẹ̀: ìjọba yóò san £750, èmi yóò san £250. Ó fọwọ́ síwèé. Nígbà tí ìwé owó dé, £650 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ǹjẹ́ wọ́n rẹ́ ẹ jẹ? Rárá o. Òté náà ni kò kà. £350 ni ìjọba lè san, kò lé kọ́bọ̀. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ £400 ni, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ìbá jẹ́ £300, Lágbájá ìbá sì san £100 péré. Ẹ rí i pé bí iye owó náà bá ti ń pọ̀ tó ni ẹ̀dínwó náà ń kéré sí i lójú ẹni tó ń san án.

Ohun mìíràn tún wà. Owó náà kì í kan ọwọ́ Lágbájá. Oníṣẹ́ iná tí ìjọba ti fọwọ́ sí ni yóò yọ ọ́ kúrò nínú ìwé owó, tí yóò sì lọ gbà á lọ́wọ́ ìjọba. Bí Lágbájá bá lọ gbé iṣẹ́ náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìjọba, tí onítọ̀hún ní òun yóò gba £800, ó lè rò pé òun jèrè £200. Kò jèrè. Ó ti pàdánù £350, ó sì fi £150 san ju bó ti yẹ kí ó san lọ.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2022, ìjọba ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ àwọn tó ń gbé ilé tara wọn. Ó wá ṣí ilẹ̀kùn mìíràn fún àwọn ayálégbé àti àwọn tó ni fúláàtì. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa lọ́hùn-ún ni ilé ọ̀hún kì í ṣe tiwọn. Ayálégbé á máa wí pé, "Èmi tí mo háyà ilé, kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀dínwó ṣájà ṣe?" Bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni wọ́n ṣe é fún!

Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní láti ní mọ́tò tí ètò náà gbà, tàbí kí ó ti fi orúkọ sílẹ̀ láti ra á. Ó ní láti ní àyè ìgbọ́kọ̀sí tirẹ̀ tí kì í ṣe ojú títì. Ó sì ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé. Èyí tó le jù nìyí, torí pé onílé lè kọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ bẹ onílé, kí ó má lọ lọ́wọ́ òfo. Kí ó rán an létí pé ní 2022 kan náà ni ìjọba dá ìrànwọ́ sílẹ̀ fún àwọn onílé pàápàá, àti pé ara ògiri onílé ni ṣájà yóò kù sí bí ayálégbé bá kó lọ. Bí onílé bá gbà, kí ó gbà á lákọsílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó.

Àwọn tó ń gbọ́kọ̀ sójú títì ńkọ́? Kí wọ́n má na wáyà gba ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kọjá, kí arúgbó má baà kọsẹ̀ lára rẹ̀. Ìjọba tún ṣe ètò lẹ́yìn náà fún irú wọn, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ bá ti gbà kí wọ́n gbẹ́ ojú gọ́tà tóóró kan tí wáyà yóò máa gbà kọjá.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ọmọ yín bá tẹ̀ yín láago láti òkè òkun pé òun fẹ́ fi ṣájà sílé, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Ta ni ètò náà wà fún lónìí? Èló ni òté rẹ̀ báyìí? Ǹjẹ́ orúkọ oníṣẹ́ iná wà nínú ìwé ìjọba? Ǹjẹ́ onílé ti fọwọ́ síwèé? Kí ó rí ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ihò kan sára ògiri, nítorí iye owó náà ti yí padà nígbà púpọ̀, ó sì tún lè yí padà. Àwọn àgbà ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tó kọ́kọ́ sanwó kí ó tó béèrè, ìbéèrè rẹ̀ ti pẹ́ jù.