ṢÉ KÍ N TÀ Á, ÀBÍ KÍ N FI SÍLẸ̀?

Ìwàásù orí tẹlifíṣọ̀n
Bíbélì kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 25:29-34, Àwọn Ọba Kìíní 21:1-16, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 4:36 sí 5:11

Ẹ jókòó. Ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé, "Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí." Ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá nílé, ẹ má yí tẹlifíṣọ̀n yín síbòmíràn o. Ọ̀rọ̀ mọ́tò la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn ni Ọlọ́run ti bá mi wí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nínú ìjọ yìí mọ bọ́ọ̀sì Volkswagen tó wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé wa. Irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe dáńfó l'Ékòó láyé ijọ́un. Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1950. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, atẹ́gùn ló sì ń tù ú. Kò ní rẹdíétọ̀, torí náà kò sí pé omi hó lójú ọ̀nà. Èrò làwa ń kó sínú ẹ, ṣùgbọ́n láti 1951 ni àwọn kan ní Jámánì ti ń to bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú ẹ, tí wọ́n sọ ọ́ dilé. Tí ọlidé bá dé, bàbá á kó ìyàwó àtọmọ sínú ẹ. Ibi tílẹ̀ bá ṣú wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n á sùn. Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, ẹ mọ irú ọkọ̀ tí mò ń sọ.

Èmi ò tíì rí tòyìnbó rí kí n tó ṣe tèmi. Ní 1989, mo ra tòkunbọ̀ kan, mo yọ àwọn bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, mo tẹ́ fóòmù síbẹ̀. Ìyàwó mi fi àǹkárá aláwọ̀ búlúù rán kọ́tìnnì sójú fèrèsé. Sítóòfù wà níbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì omi wà níbẹ̀, lóúdúsípíkà wà lórí. Ó di Òkè-Ògùn! Ìsẹ́yìn, Ṣakí, Ìgbòho, Kìṣí, kò síbi tá ò dé. Àwọn àna mi ń káàánú ọmọ wọn pé inú mọ́tò ló ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín: mi ò tíì gbé ilé tó dùn tó bọ́ọ̀sì yẹn títí dòní. Inú ẹ̀ ni Tólú ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn.

Ní 2008, ó dákẹ́. A fi tapólì bò ó. Lọ́dọọdún mo ń ra ọ̀dà, mò ń kùn ún. Ọ̀dà lókè, ìdógùn-ún nísàlẹ̀. Eku ti gba ibẹ̀. Àwọn ọmọ ń pariwo pé, "Dádì, ẹ tà á." Lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá, ó ní òun fẹ́ rà á. Ọkàn mi ti gbà. Mo sọ fún ìyàwó mi lálẹ́. Ó ní, "Ẹ má tà á."

Inú bí mi. Mo ní, "Ìyá Tólú, ṣé bọ́ọ̀sì ló máa gbé wa dé ọ̀run ni?" Mo wàásù fún un! (Ẹ̀rín.) Ó kàn ń sunkún. Mi ò mọ ohun tó ń sunkún sí. Mo bọ́ sí yàrá mi, mo ṣí Bíbélì, pé kí n wá ẹsẹ tí màá fi borí ẹ̀. Ẹni mẹ́rin ni mo pàdé níbẹ̀.

1. ÍSỌ̀, ẸNI TÍ EBI BÁ TA OGÚN RẸ̀

Ísọ̀ ti oko ọdẹ dé, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó rí ọbẹ̀ Jékọ́bù, ó ta ipò àkọ́bí. Oúnjẹ tí kò ní pé ọjọ́ kan nínú! Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìwọ tí o fẹ́ ta nǹkan tí o fẹ́ràn, má ṣe tà á lọ́jọ́ tínú ń bí ọ. Má sì ṣe tà á lọ́jọ́ tí lánlọ́ọ̀dù dúró sẹ́nu ọ̀nà, bí o bá lè bẹ̀ ẹ́ pé kó fún ọ lọ́sẹ̀ méjì. Ojú tí ń ṣú kì í mọ iye ọjà.

2. NÁBÓTÌ, ẸNI TÍ KÒ TÀ

Áhábù ní òun á fún Nábótì ní ọgbà àjàrà tó dáa jù tirẹ̀ lọ, tàbí owó. Nábótì kọ̀. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo ní, "Ẹsẹ tìyàwó mi rèé o!" Ṣùgbọ́n ẹ ka Léfítíkù 25:23. Ilẹ̀ Ísírẹ́lì, ti Ọlọ́run ni, wọn ò gbọdọ̀ tà á pátápátá. Òfin ló wà lẹ́yìn Nábótì. Mọ́tò kì í ṣe ilẹ̀ baba ẹnì kankan. Táyà ń jẹ, irin ń dógùn-ún. Brazil tó ṣe bọ́ọ̀sì yìí pẹ́ jù lọ gan-an dáwọ́ dúró ní December 2013. Mo ní mo ti rí ohun tí mo máa fi borí.

Ìgbà náà ni Ẹ̀mí Mímọ́ bi mí pé: Áhábù rí ilẹ̀ tó máa fi gbin ewébẹ̀. Kí ni Nábótì rí? Áhábù ò bi í léèrè. Ìwọ ńkọ́, o bi ìyàwó rẹ?

Mo jí i láàárọ̀ kùtù. Mo ní, "Ìyá Tólú, ẹ jọ̀ọ́. Kí ló wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn tí èmi ò rí?"

Ó ní, "Dádì, ibẹ̀ ni Fúnmi sùn kẹ́yìn."

Ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ pé a bí Fúnmi. Ọmọ ọdún méjì ni. Ní 1994, ibà gbé e lóru n'Ígbòho. A gbé e, ó di ọ̀nà Ṣakí, à ń wá ọsibítù. Orí ẹsẹ̀ ìyá ẹ̀ ló wà lórí fóòmù yẹn. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó fi lọ. Ẹ sì mọ àṣà wa: wọn kì í jẹ́ kí ìyá mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì yẹn nìkan ni ojú ibi tó ní. Èmi ń sọ̀rọ̀ owó, òun ń sọ̀rọ̀ ọmọ.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ gbọ́ mi. Kí ẹ tó pe nǹkan kan ní àlòkù, ẹ bi ẹni tó wà nínú ilé yín léèrè.

A ṣí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì yẹn, àwa méjèèjì wọlé, a jókòó sórí fóòmù. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún, mi ò tíì sunkún ọmọ yẹn. Wọ́n ní pásítọ̀ kì í sunkún. Mo sun ún lọ́jọ́ náà. A pe orúkọ ọmọ wa. A dúpẹ́ fún ọdún méjì tá a fi ní in. Mi ò dárúkọ oníbàárà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun fúnra ẹ̀ ló wá bá mi. Ó ti tú kọ́tìnnì rẹ̀ sílẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti ká a. Ó ní, "Dádì, ó lè máa lọ báyìí."

3. BÁNÁBÀ, ẸNI TÓ TÀ LÁÌPARIWO

Bánábà ta ilẹ̀, ó gbé owó wá, ó tán. Kò sí ariwo. Ó mọ ohun tí owó náà fẹ́ ṣe kó tó gbà á. Ìwọ náà, kí o tó tà, mọ ibi tí owó ń lọ. Owó tí kò níṣẹ́ kì í pẹ́ lọ́wọ́.

4. ANANÁYÀ, ẸNI TÓ TÀ TÓ PURỌ́

Mẹkáníìkì mi ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká fi fílà dí ìsàlẹ̀ yẹn, ká fọ́n ọ̀dà sí i. Kò ní mọ̀." Ẹ ò rí i! Pétérù jẹ́ kó yé Ananáyà pé tirẹ̀ ni ilẹ̀ náà kó tó tà á, ọwọ́ rẹ̀ náà sì ni owó wà lẹ́yìn tó tà á tán. Kò sẹ́ni tó fipá mú un. Irọ́ ló pa á, àtìyàwó rẹ̀. Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, mo ní, "Wò ó, irin abẹ́ ẹsẹ̀ dírẹ́bà ti jẹ tán. Ọ́ìlì ń jò lẹ́yìn. Jíà kẹta máa ń fò." Ó yọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ náírà (₦150,000) kúrò nínú owó tó ti ní lọ́kàn. Mo gbà. Oorun tí mo sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn ju ₦150,000 lọ.

Ọ̀nà Mọ́níyà ló gbé e lọ. Ó gé ẹ̀gbẹ́ kan ṣí, ìyàwó ẹ̀ ń din àkàrà níbẹ̀ láràárọ̀. Ìyàwó mi ti lọ rà níbẹ̀. Ó ní ó dùn. Kọ́tìnnì yẹn wà nínú àpótí rẹ̀.

Mi ò sọ pé kí ẹ tà. Mi ò sọ pé kí ẹ má tà. Ó lè jẹ́ mọ́tò, ó lè jẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá yín, ó lè jẹ́ ilé tẹ́ ẹ ti bí gbogbo ọmọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ bi ara yín léèrè mẹ́rin: Ṣé ebi tàbí ìbínú ló ń tà á? Ta ló tún ní ìpín níbẹ̀ tí mi ò tíì bi léèrè? Kí ni owó náà fẹ́ ṣe? Ṣé mo lè sọ gbogbo àléébù rẹ̀ lójú ẹni tó fẹ́ rà á? Bí o bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìbojú wẹ̀yìn, tà á tàbí fi sílẹ̀, wàá sùn.

Ẹ dìde. Gbé ọwọ́ lé àyà rẹ. Ronú nípa nǹkan náà, sì ronú nípa ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn nínú ilé rẹ. Bàbá, ohun tí a kò tíì sunkún rẹ̀, ràn wá lọ́wọ́ ká sun ún. Ohun tó yẹ ká jọ̀wọ́, má jẹ̀ẹ́ kó di ẹrù sí wa lọ́rùn. Ohun tó yẹ ká dì mú, má jẹ̀ẹ́ ká tà á fún ọbẹ̀ ọjọ́ kan. Ní orúkọ Jésù. (Àmín!)

Bí ẹ bá délé, kí ẹ tó jẹun, ẹ bi í léèrè. Olúwa yóò bùkún yín.