Yíyan Kíláàsì Pilates fún Ẹni Tí Kò Ṣe É Rí

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí eré ìdárayá kan tí orúkọ rẹ̀ ti kárí ayé, èyí tí à ń pè ní Pilates. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní London àti New York ń ṣe é, wọ́n sì ti ń kọ́ ọ ní Èkó pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ yóò bá ìṣòro kan pàdé kí ó tó na ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rárá: orúkọ kan náà ni ó wà lára gbogbo ilẹ̀kùn, ohun tí wọ́n sì ń ṣe nínú ilé kọ̀ọ̀kan kò dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn. Joseph Pilates ni ọkùnrin tí ó dá eré yìí sílẹ̀. Ìlú Mönchengladbach ní ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1883, a sì gbọ́ pé ọmọ olókùnrùn ni ní kékeré. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó bá a, wọ́n sì kó òun àti àwọn ará Jámánì mìíràn sí àgọ́ àhámọ́. Ní erékùṣù Isle of Man ni ó ti ń kọ́ àwọn tí wọ́n jọ wà ní àhámọ́ bí wọn yóò ṣe mú ara wọn le. Ní 1926 ó ṣí lọ sí New York, òun àti Clara, ẹnìkejì rẹ̀, sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní òpópónà Eighth Avenue, níbi tí àwọn oníjó ìlú náà ti ń tọ̀ wọ́n wá nígbà tí wọ́n bá farapa. Contrology ni Pilates fúnra rẹ̀ ń pe iṣẹ́ náà. Eré 34 ni ó tò sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1945.

Nígbà tí ó kú ní 1967, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń kọ́ni káàkiri, olúkúlùkù bí ó ti yé e. Àríyànjiyàn wá dé lórí ẹni tí ó ni orúkọ náà, títí wọ́n fi dé ilé ẹjọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2000, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí ó wà ní New York dá a pé orúkọ eré ìdárayá lásán ni Pilates, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé tòun nìkan ni. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ fún ọdún méjì àti ẹni tí ó kọ́ ọ ní ọjọ́ méjì péré lè kọ orúkọ kan náà sára pátákó wọn ní orílẹ̀-èdè náà. Nítorí náà, kí oníbàárà má ṣe fi pátákó mọ olùkọ́.

Ọ̀nà méjì gbòógì ni eré náà pín sí: ti orí ẹní, àti ti orí ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ti orí ẹní ni ó rọrùn jù, nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀ àti pé ẹní nìkan ni ènìyàn nílò. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ wo eré tí wọ́n ń pè ní Hundred: ẹni tí ń ṣe é yóò fẹ̀yìn lélẹ̀, yóò gbé orí àti ẹsẹ̀ sókè, yóò máa ju ọwọ́ sókè sódò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò fa èémí sínú fún ìkà márùn-ún, yóò tú u jáde fún ìkà márùn-ún, títí yóò fi pé 100. Kò sí ohun tí ó gbé e ró bí kò ṣe iṣan ikùn rẹ̀. Bí iṣan náà kò bá lágbára, ọrùn àti ìbàdí ni yóò jìyà rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Reformer dà bí bẹ́ẹ̀dì tóóró. Ó ní pákó onítìmùtìmù tí ń sún lọ sún bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kéékèèké, àwọn sípíríǹgì sì dè é mọ́ ìdí férémù. Àwọn sípíríǹgì yìí lè ran aláìlera lọ́wọ́, wọ́n sì lè dá alágbára lágara. Ibí yìí ni àwọn tuntun ti ń ṣìnà, tí wọ́n ń rò pé bí sípíríǹgì bá ti kéré tó ni iṣẹ́ ṣe ń rọrùn tó. Òótọ́ ni bí ènìyàn bá fẹ̀yìn lélẹ̀ tí ó ń fi ẹsẹ̀ ti pákó náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá kúnlẹ̀ tàbí tí ó na ara gbọọrọ lórí ọwọ́, sípíríǹgì díẹ̀ a máa jẹ́ kí pákó náà yọ̀ lábẹ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì dì í mú. Olùkọ́ tí ojú rẹ̀ tó gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ó lè tọ́ ni sọ́nà níhìn-ín. Bí ilé bá kún, tí orin sì ń dún gbò-ò, ta ni yóò rí ẹni tí ọrùn rẹ̀ ti wọ́?

Àwọn olùkọ́ kan ń tẹ̀lé ètò Joseph Pilates ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Àwọn mìíràn ti yí i padà gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ ìṣègùn ti ń pọ̀ sí i. Fún ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, èyí tí ó bá wù ú ni kí ó mú. Fún àgbà, ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ẹ jẹ́ kí a gbé ìyá ẹni 65 ọdún kan yẹ̀wò, tí egungun rẹ̀ ti fúyẹ́ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Púpọ̀ nínú eré àtijọ́ náà ni ó ní kí ènìyàn ká ẹ̀yìn kò, kí ó yí gbiri bí bọ́ọ̀lù. Irú ìtẹ̀síwájú bẹ́ẹ̀ lè fọ́ egungun ẹ̀yìn tí kò lágbára mọ́. Kíláàsì tí physiotherapist ń darí, tàbí olùkọ́ tí ó mọ ohun tí yóò yọ kúrò, ni ó yẹ irú ìyá bẹ́ẹ̀. Aboyún náà kò gbọdọ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn oṣù kẹrin. Kí ó wá kíláàsì ti àwọn aláboyún.

Àwọn kan yóò wí pé Pilates nìkan ni oògùn ẹ̀yìn dídùn. Ní 2015, ẹgbẹ́ Cochrane ṣe àyẹ̀wò ìwádìí 10, tí ènìyàn 510 wà nínú wọn. Wọ́n rí i pé ó sàn ju kí aláìsàn jókòó lásán lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí tí ó dájú pé ó sàn ju àwọn eré ìdárayá mìíràn lọ. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká owó rẹ̀ kò pàdánù gbogbo ìlera.

Kí ẹni tí ó bá fẹ́ san owó kọ́kọ́ bèèrè iye àkókò tí olùkọ́ fi kọ́ṣẹ́, àti iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wà ní kíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó sì wòye bóyá olùkọ́ náà yóò bèèrè nípa ẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ ríru, iṣẹ́ abẹ àti oyún kí ó tó ní kí ó dùbúlẹ̀. Bí kò bá bèèrè ohunkóhun, kí ó wá ibòmíràn. Iṣan tí ó ń ro ni ní ọjọ́ kejì kò ní àléébù, yóò lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrora tí ó bá gún bí abẹ́rẹ́ lẹ́yìn, tàbí tí ó sọ̀ kalẹ̀ gba itan lọ sí ẹsẹ̀, kí ẹni náà dúró lójú ẹsẹ̀, kí ó sọ fún olùkọ́, kí ó sì lọ rí dókítà kí ó tó padà sórí ẹní.